Orí tó ń gbóná kì í ṣe ọ̀lẹ: kí ló ń ṣe àwọn ọmọ wa ní yunifásítì?

Lọ́dọọdún, bí àbájáde bac bá ti jáde, ayọ̀ máa ń ṣubú lu ayọ̀ nílé ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá yege. Wọ́n á pa adìẹ, wọ́n á gbàdúrà, bàbá á lọ yá owó díẹ̀ kún èyí tó wà nílẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọmọ á gbé báàgì rẹ̀ àti àpò gàrí, ó di Kalavi, ó di Parakou, ó di Lomé. Ọmọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, ó di ilẹ̀ Faransé. Láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ilé máa ń bi í lórí tẹlifóònù: "Ṣé o yege?"

Ohun tí ọmọ náà kì í sọ nígbà tó bá ń dáhùn ìbéèrè yìí la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nílé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, a ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti abúlé kan ní ìhà Kétu. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Nígbà tó di ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ di orí mú ní kíláàsì. Ó ní orí ń gbóná òun, ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ṣí ìwé, ńṣe ni lẹ́tà máa ń sáré lójú òun, ohun tí òun bá sì kà kì í dúró. A fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Nígbà tí kò lọ, a ní ó ń ṣàwáwí. Níbi ìpàdé àwọn olùkọ́, àwa yìí la fi bíìrò pupa kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé "pas sérieux", ìyẹn ni pé ọmọ náà ò fọwọ́ gidi mú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, odindi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, a ò rí i mọ́.

Ẹni tó rí i ni ìyá onílé rẹ̀. Ìyá yìí ò lọ sílé ìwé rí, àkàrà ló ń dín. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í jáde wá pọnmi mọ́, pé iná yàrá rẹ̀ kì í kú lóru, síbẹ̀ kì í ṣe ìwé ló ń kà. Ó bá kan ìlẹ̀kùn. Kò béèrè ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bi í ni pé: "Ọmọ mi, ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun?" Ni ọmọ náà bá bú sẹ́kún. Ìyá yẹn ló ní kí wọ́n bá òun pe bàbá rẹ̀ lábúlé.

A gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ náà kí a tó kọ èyí, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Kí ló dé tí ìyá alákàrà fi rí ohun tí àwa olùkọ́ tí a kàwé ò rí? Èsì tí a rí ni pé àwa ń dúró de ọ̀rọ̀ ìwé, ọmọ náà sì ń fi ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa lójoojúmọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló rọ̀, pé nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rin kìlómítà mẹ́wàá lọ sílé ìwé, orí ò sì gbóná wa. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí níbòmíràn ná.

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn OMS, ṣiṣẹ́ gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní yunifásítì 19, ní orílẹ̀-èdè 8: Ọsirélíà, Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì, Mẹ́síkò, Ireland ti Àríwá, Gúúsù Áfíríkà, Spéìn àti Amẹ́ríkà. Àwọn tó dáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14,000. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100, bíi 35 ni ìdáhùn wọn fi hàn pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ọkàn tí wọ́n béèrè ti ṣe wọ́n rí: ìsoríkọ́ tó le, àníyàn tí kì í lọ, ìpayà tó ń dé lójijì, ọtí tàbí oògùn tó ti di bárakú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 yẹn kan náà, bíi 31 ló jẹ́ pé láàárín ọdún kan ṣáájú ìbéèrè náà ló ṣe wọ́n.

Ẹ fara balẹ̀ o. Ìdáhùn lórí ìbéèrè kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà. Benin àti Tógò ò sì sí lára orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yẹn. Síbẹ̀, ẹ wo irú ilẹ̀ tí wọ́n jẹ́. Jámánì ni, Amẹ́ríkà ni, ilẹ̀ tí ilé ìkàwé wọn kún, tí iná kì í ṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ pé ìyà tàbí òṣì nìkan ló ń fa nǹkan yìí, kò yẹ ká bá a lọ́hùn-ún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀lẹ ni, a jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayé ló ya ọ̀lẹ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ọjọ́ orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ìlera ti rí i pé nínú àwọn àìsàn ọkàn tó ń bá èèyàn jà, ìdajì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 15, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó pé 25. Ìyẹn ni pé ìgbà tí a ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì gan-an ni nǹkan wọ̀nyí ń yọjú. Nínú ìṣirò OMS ti ọdún 2021, pípa ara ẹni ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 15 sí 29 jù lọ láyé. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, a ò sì fẹ́ fi dẹ́rù bà yín. A sọ ọ́ nítorí pé ohun tí èèyàn lè tètè rí, ó lè tètè dá a dúró. Àwọn àgbà ló sọ pé igi gànnràn-gànnràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pè é

Ibi tó yẹ ká ti dúró wò dáadáa rèé. Àìsàn náà wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá òun pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí, ojú ń ṣú, ìwé ò wọlé mọ́. Ní ọdún 1960, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, ó sì pè é ní "brain fag", ìyẹn ọpọlọ tó ti rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, àwọn dókítà rí irú rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Uganda. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí i pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ fún wa ni, bó ṣe sọ ọ́ gan-an? Ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwa sì fún ọmọ ní oògùn ẹ̀fọ́rí.

Prince rò pé ohun tó fà á ni ẹ̀kọ́ òyìnbó tí kò bá ìgbé ayé wa mu, tí kálukú ń dá ka ìwé rẹ̀ níbi tí a ti máa ń jùmọ̀ ṣe nǹkan. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn tó wádìí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ "brain fag" yìí kì í ṣe ti Áfíríkà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó fún àwọn èèyàn tiwọn, àwọn tó ń kàwé jù, àwọn akọ̀wé, ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn ní ọdún 1994 gẹ́gẹ́ bí àìsàn àwọn ará Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí àìsàn mọ́. Orúkọ ń lọ, orúkọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó di orí mú ṣì jókòó síbẹ̀.

Ní Ṣáínà, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Arthur Kleinman ṣe irú iṣẹ́ yìí ní agbègbè Hunan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó yẹ 100 aláìsàn wò, àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé iṣan ara wọn ló rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí ni wọ́n ń sọ, àìrí oorun sùn ni wọ́n ń sọ, ara tí kò le ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó wádìí ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀, 87 nínú wọn ló ní ìsoríkọ́ tó le. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ara ló ń dùn wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara nìkan ni ẹnu gbà láti dárúkọ.

Ní Zimbabwe, àwọn tó ń sọ èdè Shona ní ọ̀rọ̀ kan, "kufungisisa". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ríronú jù. Àwa náà ńkọ́? Ṣé a kì í sọ ọ́ ni? "Ìrònú ti pọ̀ jù fún un." "Ọkàn mi ò balẹ̀." "Àyà mi ń já." "Orí mi ń gbóná." "Ara mi ò gbé e." "Ayé sú mi." Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí a lè fi ẹnu kan sọ pé ó jẹ́ "dépression". Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí èyí tí kò lè jẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ohun tí àwa olùkọ́ ń rí lójoojúmọ́ ni pé èdè méjì ni ọmọ wa ń gbé. Lédè Faransé, bí a bá ní "Ça va?", á ní "Ça va, monsieur." Lédè Yorùbá, bí a bá jókòó tì í lábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì, á ní "Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀, orí mi ò pé." Ẹnì kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wá àìsàn ọkàn, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, inú rẹ̀ sì ni ọmọ ti máa ń dáhùn pé kò sí wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, èdè tí wọ́n fi kọ́ ọmọ náà sunkún ló yẹ kó fi béèrè.

Ẹrù wo ló wà lórí wọn?

Ìdánwò níbi gbogbo ló ń dẹ́rù bani. Ní Ṣáínà, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣewọ yunifásítì ní ọdún 2024 lé ní mílíọ̀nù 13, ìdánwò ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló sì ń pinnu ibi tí ọmọ máa bá ayé dé. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè owó ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ ń rù jáde. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọmọ kan ló ń ru ilé. Bàbá ta ilẹ̀ tàbí ta màlúù, ẹ̀gbọ́n obìnrin fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ, ìyá ń gbé iṣu lọ sọ́jà. Gbogbo wọn ló sọ fún un pé, "Ìwọ la fojú sí o." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá já ní ìdánwò kan ṣoṣo, kì í ṣe ìdánwò ló já lójú ara rẹ̀. Ilẹ̀ bàbá ló já, ilé ìwé ẹ̀gbọ́n ló já. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ lórí tẹlifóònù?

Ìkejì, èdè. Ọmọ abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní èdè tí kò gbọ́ nílé. Ó tiraka títí ó fi gba bac. Nígbà tó dé amphi, ó bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ń sáré sọ̀rọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ní abúlé, òun ni "akọ̀wé wa". Níbẹ̀, nọ́ńbà ni. Ojú máa ń tì í láti na ọwọ́ sókè, kí Faransé rẹ̀ má baà di ẹ̀rín.

Ìkẹta, yàrá àti oúnjẹ. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yàrá kan, gàrí lówùúrọ̀, gàrí lálẹ́, bourse tí kò tètè dé. Ebi àti àìsùn nìkan tó láti da orí ẹni rú.

Ìkẹrin ni ohun tó ń bẹ níwájú. Wọ́n ń rí ẹ̀gbọ́n wọn tó ní licence, tó sì ń gun zémijàn. A ò bú iṣẹ́ zémijàn o, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oorun sílẹ̀ nítorí ìwé, tó sì ń rí ibi tí ìwé gbé ẹlòmíràn dé, ó lè bi ara rẹ̀ pé nítorí kí ni.

Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Faransé, ẹrù tiwọn tún ní òtútù àti ìdánìkanwà nínú, ó ní ìwé ìgbélùú, ó sì ní ilé tó rò pé owó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ níbẹ̀, ẹ sọ èyí fún un: láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ní ọ́fíìsì fún ìrànlọ́wọ́ ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BAPU. Ní 2021, ìjọba wọn tún dá ètò Santé Psy Étudiant sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì wọn lè rí psychologue lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún láì san kọ́bọ̀, bó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, bó jẹ́ àlejò. Àwọn ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni.

Kí ló ń dí wa lẹ́nu?

Àwọn bàbá wa ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń lé ọmọ padà sínú yàrá. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní ọkàn òun ń dàrú, ohun tí wọ́n máa gbọ́ nílé ni wèrè. Ní Kútọnù, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Jacquot. Ó tó kí ẹnì kan sọ pé "Wọ́n gbé ọmọ lágbájá lọ sí Jacquot", ó parí, ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ kò ní gbà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Zébé, lẹ́bàá Aného, rí ní Tógò. Nítorí náà, ilé á pa ọ̀rọ̀ mọ́ títí apá ò fi ní ká a.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí ìrònú ń pa, tí kò sùn fún oṣù kan, kì í ṣe wèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbádùn bí wọ́n bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì rí ìtọ́jú ní kíá. Àní ẹni tí tirẹ̀ bá tilẹ̀ le gan-an, èèyàn ni, ìtọ́jú wà fún un.

Ìtàn tiwa fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1954, ọmọ Yorùbá kan, Dókítà Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń gba oògùn òyìnbó, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wo ohun tó ṣe níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dé ipò igbákejì olùdarí àgbà OMS.

Nítòsí wa níhìn-ín, ẹ mọ iṣẹ́ Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó ń lẹ táyà ní Bouaké ní Côte d'Ivoire. Nǹkan dojú rú fún un, ayé sú òun náà títí tó fi rò ó láti pa ara rẹ̀. Nígbà tó bọ́ nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n dè mọ́ igi sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, ilé ìtọ́jú wọn kan sì wà ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Kì í ṣe dókítà, kò kàwé rẹpẹtẹ. Ẹ tún rí i: bíi ìyá alákàrà yẹn náà ni.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ́dọ̀ babaláwo, pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Àdúrà ń fún ọkàn lókun. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n má de ọmọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀, kí wọ́n má sì gba oògùn dókítà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí la lè ṣe lábúlé?

A ò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí dókítà ọpọlọ máa pọ̀. Ní Zimbabwe, dókítà Dixon Chibanda mọ̀ pé wọn ò pọ̀ lọ́dọ̀ òun náà. Ní 2006, ó kó ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, àdúgbò kan ní Harare, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń ronú jù, ó sì gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ní ìṣòro á wá jókòó tì wọ́n. Ní 2016, wọ́n gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èèyàn 573: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn balẹ̀ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ǹṣì ni o. Igi wà ní Kétu. Ìyá àgbà wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ohun tó kù ni kí ilé ìwòsàn àdúgbò kọ́ wọn, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì gbà pé iṣẹ́ gidi ni.

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ nǹkan díẹ̀. Bí ọmọ bá dé fún ìsinmi, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré, tí kì í wẹ̀, tí ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù ú mọ́, tí ó ń mu ọtí sí i, tí èyí sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún nọ́ọ̀sì, kì í ṣe "ẹ̀fọ́rí" nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á darí yín síbi tó yẹ.

Bí ọmọ bá ní ayé sú òun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì bú u. Ẹ béèrè tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lórí, ńṣe ló ń fún un láyè láti sọ ohun tó ti wà níbẹ̀. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Àwa olùkọ́ náà ní tiwa. A ń kọ́ àwọn tó máa kọ́ ọmọ yín, a ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti gírámà, ṣùgbọ́n a kì í kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ ọmọ tó ní orí ń gbóná òun. Ó yẹ kó wọ inú ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ̀ láì jẹ́ pé gbogbo èèyàn ń wò ó, tí ẹni tó wà níbẹ̀ sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣòfin yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèpàdé ọmọ ìlú, ẹ bá wa béèrè èyí bí ẹ ṣe ń béèrè ọ̀nà àti omi.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Kò bínú sí i. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n darí wọn sí Kútọnù, ó gba oògùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń lọ rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó pàdánù ọdún kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó padà wá, ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Olùkọ́ ni báyìí. "Pas sérieux" tí a kọ ṣì wà nínú ìwé tiwa, a kì í pa á rẹ́, kí a lè máa rí i.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ tó bi í pé ṣé ó yege, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè ìyá alákàrà: "Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.